Òròmọdìyẹ àwọn ọmọ mi ń ṣàárẹ̀, ohun tó ń ṣe wọ́n ò yé mi rárá

IyaIbeji_Mopa

Ọ̀kun o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kíákíá. Àwọn ìbejì mi ń sin òròmọdìyẹ mẹ́fà nílé, mẹ́rin jẹ́ nọ́ílà, méjì jẹ́ adìyẹ ìbílẹ̀ tí ìyá mi fún wọn láti oko. Kì í ṣe fún títà, kì í sì í ṣe fún pípa, àwọn ọmọ yìí ti fún gbogbo wọn lórúkọ, tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ àwọn adìyẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yà sí kí wọ́n tó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù. Wọ́n ti ń lọ sí bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Láti ìjẹta ni ọ̀kan ti ń dá dúró sí kọ̀rọ̀, ó fa ọrùn wọlé, ìyẹ́ ẹ̀ rú sókè, apá méjèèjì wálẹ̀, ó ń tòògbé ní ọ̀sán gangan, oúnjẹ tó wà níwájú ẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó. Èkejì ń jẹun dáadáa o, àmọ́ ó ń tiro, nígbà míì ó máa jókòó tí ẹsẹ̀ kan á wà níwájú. Ìgbẹ́ wọn ò dọ́gba, òmíì dáa, òmíì dà bí ẹni pé ó pọ́n díẹ̀, òmíì sì jẹ́ búráùn tó ń rùn gan-an. Wọn ò wúkọ́, wọn ò sín. Kí lẹ rò pé ó ń ṣe wọ́n? Àwọn ọmọ ò jẹ́ kí n gbádùn, wọ́n ń bi mí ṣáá bóyá ó máa kú.

OlokoEgbe

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ wá tẹtirasáíkílì ní kẹ́míìsì, ẹ tú kápúsù méjì sínú omi wọn, ẹ fi ata gígún díẹ̀ sí i. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyẹn.

OmoKabba01

Lùkúlùkú nìyẹn o! Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí gbogbo ẹ̀ ló máa lọ. Ẹ yáa pa àwọn tó kù tàbí kẹ́ ẹ gbé wọn lọ sọ́jà kó tó di pé ẹ pàdánù gbogbo ẹ̀, n ò fẹ́ tàn yín jẹ.

FetiYagba

Mo ń ṣiṣẹ́ ìlera ẹranko ní apá Yàgbà níbí, torí ẹ̀ ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n OmoKabba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó gbé adìyẹ tó ń ṣàìsàn lọ sọ́jà. Ọ̀nà tí lùkúlùkú gbà ń ti abúlé kan dé òmíì gan-an nìyẹn: wọ́n á rí i pé adìyẹ ń tòògbé, wọ́n á sáré tà á ní pọ́ọ́kú, ẹni tó rà á á gbé e wọ àárín tiẹ̀, kó tó di ọjọ́ ọjà míì gbogbo agbo ilé ti ń sunkún. Inú máa ń bí mi sí i torí mo ti rí ìyá arúgbó tí gbogbo adìyẹ ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà látàrí àkùkọ kan péré tí wọ́n rà lọ́jà.

Èkejì, a ò tíì mọ̀ bóyá lùkúlùkú ni. Lùkúlùkú kì í rọra mú ọ̀kan kó fi ọ̀kan sílẹ̀ fọ́jọ́ pípẹ́ nínú àwọn tí ò gba abẹ́rẹ́. Ó máa ń yára ràn, ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń mí pẹ̀lú ariwo, tí wọ́n ń ya ẹnu, ìgbẹ́ á di omi aláwọ̀ ewé, àwọn tó bá sì pẹ́ díẹ̀ ọrùn á lọ́ sẹ́yìn. Ohun tí ìyá ìbejì ṣàlàyé yìí ò jọ ọ́ délẹ̀.

Mà, ẹ dá mi lóhùn àwọn nǹkan yìí: níbo ni wọ́n ń sùn, ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ àbí ó tutù? Kí lẹ fi tẹ́ ẹ? Ṣé wọ́n gba abẹ́rẹ́ kankan? Oúnjẹ wo ni wọ́n ń jẹ? Ṣé ẹnì kankan fín oògùn kòkòrò tàbí oògùn koríko nítòsí? Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tó ń tiro yẹn, ṣé oríkèé ẹ̀ wú, ṣé ó gbóná, ṣé ọmọ ìka ẹ̀ ká wọnú? Kẹ́ ẹ sì yọ àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ lónìí, nínú páálí, níbi tó móoru.

IyaIbeji_Mopa

Ẹ ṣé gan-an sà. Inú kọ́ọ̀pù kékeré lẹ́yìn kíṣìnnì ni wọ́n ń sùn, lẹ́bú pákó láti ọ̀dọ̀ káfíńtà ni a fi tẹ́ ẹ. Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ léraléra yìí ẹ̀gbẹ́ kan máa ń rin, torí páànù ibẹ̀ ń jò. Nọ́ílà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹni tó tà wọ́n ní wọ́n ti gba ti ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn ìbílẹ̀ ò gba nǹkan kan. Máàṣì ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, àwọn ọmọ sì máa ń bá wọn wa ikán nírọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó fín nǹkan kan. Oríkèé ẹsẹ̀ yẹn ò wú, ọmọ ìka ẹ̀ ló ká wọnú díẹ̀ lápá òsì. Mo ti yọ wọ́n sọ́tọ̀.

IyaAgba_Isanlu

Ọmọ mi pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tu àwọn ọmọ nínú. Èmi tí mo dàgbà sídìí adìyẹ, mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Tí òjò bá ti ń rọ̀, tí ilẹ̀ ilé adìyẹ bá rin, òròmọdìyẹ tó ti kúrò lábẹ́ ìyá ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fara gbá a. Láyé àwa a máa ń kó eérú igi sílẹ̀ ibẹ̀, a ó sì gbé gbogbo ilẹ̀ náà dà nù. Ewúro tí a fọ̀ sínú omi náà a máa ń fún wọn, èmi ò lè sọ pé ó wo gbogbo ẹ̀ sàn, àmọ́ ilẹ̀ gbígbẹ, ìyẹn ni mo dúró lé. Ẹ tún páànù yẹn ṣe kẹ́ ẹ tó wá oògùn.

FetiYagba

Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ti sọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ n to bí mo ṣe ń rò ó.

Fún òròmọdìyẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, lásìkò òjò, pẹ̀lú ilẹ̀ tó rin, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá sí mi lọ́kàn ni kọ́ksí. Kòkòrò kékeré kan tí ojú ò lè rí, Eimeria lórúkọ ẹ̀, ló ń gbé inú ìfun wọn. Adìyẹ tó ní in á yàgbẹ́ ẹyin kòkòrò náà sílẹ̀, ẹyin yìí ò lè ran adìyẹ míì lójú ẹsẹ̀, ó nílò ọ̀rinrin àti ooru fún bí ọjọ́ kan sí méjì kó tó pọ́n. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ gbígbẹ fi ń gbà wọ́n là. Lẹ́yìn tí adìyẹ bá gbé e mì, bí ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tó bá jẹ́ irú tó máa ń mú ìfun méjì tó wà lẹ́yìn.

Àmọ́ ẹ má fi ìgbẹ́ búráùn tó ń rùn dẹ́rù ba ara yín o. Adìyẹ tára ẹ̀ le koko máa ń yàgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lójúmọ́, ó máa ń lẹ̀, ó máa ń rùn, inú ìfun méjì tó wà lẹ́yìn ló ti ń jáde. Ẹlòmíì á rí i á ní jẹ̀díjẹ̀dí dé. Ẹ̀jẹ̀ gidi, tàbí ìgbẹ́ tó dà bí omi ata, ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ èyí tó ń tòògbé mọ́jú ọ̀la, ohun tẹ́ ẹ bá rí lórí ẹ̀ ẹ yà á ní fọ́tò.

Gọ́mbórò náà wà tó máa ń mú wọn lọ́jọ́ orí yìí, ìgbẹ́ funfun bí omi ẹfun, wọ́n á máa gbọ̀n, wọ́n á máa ṣa ìdí ara wọn. Tó bá wọlé wọ́n máa ń kú lọ́pọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ikú á dáwọ́ dúró lójijì. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bèèrè nípa abẹ́rẹ́.

Ẹsẹ̀ yẹn ni ò tíì yé mi. Ọmọ ìka tó ká wọnú lè jẹ́ àìtó fítámì B2, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan síwájú ọ̀kan sẹ́yìn tó ń le sí i, Máréèkì náà wà, fáírọ́ọ̀sì ni, kò ní oògùn. Àmọ́ ìyẹn máa ń pọ̀ lára àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ ju báyìí lọ. N ò ní sọ èyí tó jẹ́ láti orí fóònù.

OlokoEgbe

Ọ̀gá fẹ́tì, ẹ má bínú o, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n tẹ́tírà yìí ń ṣiṣẹ́ fún mi, mo ti fún wọn lọ́pọ̀ ìgbà tí ara wọn sì yá. Ìdí wo lẹ fi ní ká máa dúró nígbà tí adìyẹ ń kú lọ?

FetiYagba

Ẹ má bínú náà ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè tó dáa ni. Nígbà tó bá jẹ́ pé bakitéríà ló ń ṣe wọ́n, tẹ́tírà lè ṣiṣẹ́. Nígbà míì adìyẹ náà ì bá yá lọ́wọ́ ara ẹ̀, oògùn á sì gba ìyìn. Ṣùgbọ́n kì í pa fáírọ́ọ̀sì, nítorí ẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan sí lùkúlùkú, Gọ́mbórò tàbí Máréèkì. Kọ́ksí náà kì í ṣe bakitéríà. Kápúsù tí wọ́n ṣe fún èèyàn, ẹ tú méjì sínú omi, ta ló mọ iye tí òròmọdìyẹ tí kò ju ọwọ́ lọ mu? Ata inú omi ò sì ta adìyẹ lẹ́nu bó ṣe ń ta èèyàn, àmọ́ n ò rí ohun tó máa wò sàn fún wọn. Ìyẹn ò tíì kan ẹyin, torí oògùn máa ń wà nínú ẹyin àti ẹran fún ọjọ́ mélòó kan, ọmọ á jẹ ẹ́.

AdiyeIyara

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un torí ó dùn mí wọra. Wọ́n ta ámúpúrólíọ́mù fún mi fún kọ́ksí, ẹni tó tà á tún ta fítámì alápapọ̀ fún mi, ó ní kí n pò wọ́n pọ̀ kí ara wọn lè tètè le. Ara wọn ò yá, wọ́n ń kú lọ ni. Fẹ́tì kan ló wá ṣàlàyé fún mi pé ámúpúrólíọ́mù jọ fítámì B1, òun ni kòkòrò yẹn máa gbé mì bíi fítámì tí ebi á sì pa á. Tẹ́ ẹ bá ń fún adìyẹ ní B1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ ń bọ́ kòkòrò náà ni. Kẹ́ ẹ lo oògùn yẹn tán kẹ́ ẹ tó fún wọn ní fítámì. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ta oògùn adìyẹ mọ èyí, n ò mọ ìdí tí wọn ò fi ń sọ ọ́.

FetiYagba

Òótọ́ pọ́ńbélé. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́.

IyaIbeji_Mopa

Ẹ jọ̀ọ́... èyí tó ń tòògbé kú lóru àná. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí bébà yẹn ní ìrọ̀lẹ́, pupa tó hàn gbangba. Àwọn ọmọ ti sunkún tán, Táyé ní ká sin ín sábẹ́ igi ọsàn. Mo fẹ́ sin ín báyìí.

FetiYagba

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì sin ín. Òkú yìí ló lè gba àwọn márùn-ún tó kù. Ẹ wé e sínú náílọ́ọ̀nù méjì, ẹ fọwọ́ yín, ẹ gbé e sínú fíláàsìkì tàbí kúlà pẹ̀lú píọ̀wọ́tà tó dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá fẹ́tì lónìí, Kábbà ló sún mọ́ yín. Ẹ má gbé e sínú fírísà kó dì o, tí ẹran inú bá ti dì tó tún yọ́, ó máa ń bà jẹ́, fẹ́tì ò ní rí ohun tó fẹ́ wò dáadáa. Ẹ mú fọ́tò ìgbẹ́ yẹn dání. Ẹ sì sọ fún un nípa èyí tó ń tiro.

Nítorí ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ rí, ẹ kó gbogbo lẹ́bú pákó yẹn jáde báyìí, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.

OmoAyetoro_G

Ẹ dákun, n ò ní in lọ́kàn láti bà yín nínú jẹ́ o, ṣùgbọ́n owó mọ́tò lọ bọ̀ àti owó fẹ́tì, ṣé kò ní ju owó adìyẹ mẹ́fà lọ? Ẹ ra òmíì fún wọn.

IyaIbeji_Mopa

Ọ̀gá, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá ra òmíì tí mo gbé e sínú kọ́ọ̀pù kan náà láì mọ ohun tó pa àkọ́kọ́, ṣé wọn ò ní kú bẹ́ẹ̀ náà? Àti pé àwọn ọmọ mi ń wò mí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó bá ń ṣàìsàn nínú ilé wa, a máa ń tọ́jú ẹ̀. Mo ti wà nínú mọ́tò.

IyaAgba_Isanlu

Ọlọ́run á bá ẹ lọ ọmọ mi.

IyaIbeji_Mopa

Mo ti dé o. Fẹ́tì là á lójú mi. Ìfun méjì tó wà lẹ́yìn yẹn kún fún ẹ̀jẹ̀ tó ti dì, ògiri ẹ̀ ti nípọn. Ó fá díẹ̀ nínú ẹ̀ sórí gíláàsì, ó wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó pè mí kí n wá wò, ẹyin kòkòrò yẹn pọ̀ bí nǹkan míì. Kọ́ksí ni. Ó wo àpò kékeré tó wà nítòsí ìhò ìdí, tí Gọ́mbórò máa ń bà jẹ́, ó ní kò wú, kò sì lẹ́jẹ̀. Ó fún mi ní ámúpúrólíọ́mù, ó kọ iye tí n máa fi sí lítà omi kan àti ọjọ́ tí n máa fi lò ó, ó ní omi yẹn nìkan ni kí gbogbo wọn máa mu, àtèyí tára ẹ̀ le, kí n máa po tuntun láràárọ̀.

Nípa ẹsẹ̀ èyí tó ń tiro, tí mo gbé dání, ó ní òun ò lè sọ pàtó. Ó tẹ iṣan itan ẹ̀, ó wo ojú ẹ̀ dáadáa, ó ní kí n parí oògùn kọ́ksí, lẹ́yìn náà kí n fún un ní fítámì tó ní B2 nínú, kí n máa ṣọ́ ọ bóyá ẹsẹ̀ kejì náà máa rọ. Tí kò bá yàtọ̀ tàbí tó ń burú sí i kí n gbé e padà wá.

Mo bi í nípa ìbejì torí wọ́n máa ń fi ẹnu ko àwọn adìyẹ yìí lẹ́nu. Ó ní kọ́ksí adìyẹ kì í ran èèyàn, kì í sì í ran ewúrẹ́, àmọ́ adìyẹ tó dà bí ẹni tára ẹ̀ le lè ní Salmonella, ìyẹn máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà fún ọmọdé. Ọwọ́ fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ kàn wọ́n, kò sí ẹnu kíkò mọ́. Kẹ́hìndé ti bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí mi nítorí ẹ̀.

FetiYagba

Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ kú iṣẹ́ gan-an. Tí gbogbo èèyàn bá lè ṣe báyìí, iṣẹ́ wa á rọrùn.

Nípa kọ́ọ̀pù: ìsáàlì àti blíìṣì ò tó nǹkan sí ẹyin kọ́ksí, awọ ẹ̀ le. Ẹ gbá gbogbo ẹ̀ jáde, ẹ jó lẹ́bú náà tàbí kẹ́ ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn kẹ́ ẹ sin ín, ẹ da omi tó ń hó sórí pákó àti ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí oòrùn gan ibẹ̀ títí á fi gbẹ kẹ́ ẹ tó tẹ́ lẹ́bú tuntun. Páànù tó ń jò yẹn, ọ̀rọ̀ màmá wa ni. Ẹ gbé àwo oúnjẹ àti omi sókè dé ìwọ̀n ẹ̀yìn wọn kí wọ́n má máa yàgbẹ́ sínú ẹ̀.

OlokoEgbe

Mo ń ka gbogbo ẹ̀ o. Ìbéèrè kan: àwọn ìbílẹ̀ tí ò gba abẹ́rẹ́ lùkúlùkú yẹn ńkọ́? Adìyẹ tèmi náà ò gbà. Wọ́n ní ìgò kan máa ń tó igba adìyẹ, àwa tá a ní mẹ́wàá mẹ́wàá, báwo la ṣe máa rà á?

FetiYagba

Ẹ kó ara yín jọ ni. Ẹ sọ fún gbogbo àdúgbò, ẹ dá ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ dáwó, fẹ́tì á wá pẹ̀lú ìgò kan, á kán an sójú gbogbo adìyẹ lọ́jọ́ kan náà. NVRI, iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, Ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ lùkúlùkú níbí ní Nàìjíríà. Èyí tí wọ́n ń pè ní I-2 wà níbẹ̀ fún adìyẹ abúlé, ó máa ń fara da ooru ju àwọn yòókù lọ, ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún àwa tí iná ò dúró lọ́dọ̀ wa. Ẹ má fún èyí tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kára ẹ̀ yá ná. Kẹ́ ẹ sì ṣe é kí ọyẹ́ tó dé, ìgbà yẹn ló máa ń jà jù.

OlokoEgbe

Ó dáa. Màá bá àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè.

AdiyeIyara

Ìyá ìbejì, àwọn tó kù ńkọ́?

IyaIbeji_Mopa

Ẹ má bínú tí mo dákẹ́. Mẹ́rin ń jẹun, ìgbẹ́ wọn ti mọ́, bàbá ìbejì ti pààrọ̀ páànù. Èyí tó ń tiro ṣì ń tiro, ọmọ ìka ẹ̀ ti ń là díẹ̀ láti ìgbà tó ti ń mu fítámì, àmọ́ kò tíì lè sáré bá àwọn yòókù, wọ́n sì ń ṣá a lórí tí mo bá dà wọ́n pọ̀. Ṣé kí n dá a padà sáàárín wọn báyìí àbí kí n ṣì yà á sọ́tọ̀?

FetiYagba

Ẹ ṣì yà á sọ́tọ̀ ná, ṣùgbọ́n ẹ gbé e síbi tó ti máa rí wọn, ẹ fi wáyà tàbí apẹ̀rẹ̀ là wọ́n láàárín kí wọ́n má baà gbàgbé ara wọn. Adìyẹ máa ń ṣá ẹni tára ẹ̀ ò dá. Ẹ tẹ́ àpò sábẹ́ ẹ̀ kí ilẹ̀ má yọ̀, ẹ gbé omi àti oúnjẹ sún mọ́ ọn. Tó bá ti lè dé ìdí oúnjẹ fúnra ẹ̀ láì jókòó lọ́nà, ẹ dá a padà nírọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti fẹ́ sùn. Tí ẹsẹ̀ kejì bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, tàbí tí apá kan bá ń wọ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ bá fẹ́tì yẹn lọ́jọ́ náà, ẹ má ṣe dúró.

IyaIbeji_Mopa

Mo ti gbọ́ sà. Táyé ti wá àpò ìrẹsì, ó ń gé e lọ́wọ́.